Agogo Tí Wọn Ò Lù Mọ́

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àárò mi, ẹ kú ìdúró ti ìsọ̀ àtúnṣe rédíò, ẹ sì kú ìfaradà orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu. Èmi ọmọ yín wà láàyè, ara mi sì le. Àgọ́ wa ṣì wà lẹ́bàá òkè, páànù yàrá wa sì ṣì ń jò. Orí bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ mi awakọ̀ ló ń jò sí, kì í ṣe sórí tèmi, nítorí náà n kò tíì rí ìdí tí a ó fi tún un ṣe.

Ìròyìn kan wà. Wọ́n ti gbé mi kúrò ní yàrá wáyálẹ̀sì láti ìparí ọdún, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ìgbéga ni, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Bàtà, bẹ́líìtì àti aṣọ òjò ni mò ń pín fún àwọn ọmọ ogun báyìí. Ọ̀gá sì ti sọ fún mi pé bí àkókò iṣẹ́ mi bá pé ní ìparí oṣù kẹsàn-án, mo lè fọwọ́ sí ọdún méjì sí i. Mo ń rò ó. Mo mọ̀ pé a ti jọ sọ ọ́ pé n óò wá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ìsọ̀ kò ní sá lọ.

Ìròyìn etí, bí mo ṣe gbọ́ rédíò sí, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa: Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìrọ̀lẹ́, lórí rédíò kékeré tí èmi àti ẹ̀yin jọ kàn. Ibùdó: Aláago. Agbára: márùn-ún nínú márùn-ún. Ariwo: kò sí rárá. Agogo tó mú kí bàbá mi sọ ibùdó náà ní Aláago lù ketekete kí wọ́n tó ka ìròyìn, ó sì dà bí ẹni pé mo jókòó sí ẹsẹ̀ yín.

Ẹ bá mi kí Télọ̀ ìsọ̀ kejì. Ẹ fi fọ́tò ìsọ̀ ránṣẹ́ kí n máa wò ó.

Èmi ni,
Ehoro yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọmọ mi, Ehoro,

Mo gba ìwé rẹ, mo dúpẹ́ pé o wà láàyè. Kíkí ti tán. Jókòó, ọ̀rọ̀ wà.

Agogo wo lo gbọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni Aláago ti jáwọ́ nínú agogo. Fèrè ni wọ́n fi ń ṣí ètò báyìí, fèrè kan tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Gbogbo àwa tí a ń jókòó gbọ́ rédíò ní ìsọ̀ mi la ti bínú sí i tán. Tísà àgbà tilẹ̀ ní òun kò ní gbọ́ ibùdó náà mọ́ láéláé, lọ́jọ́ kejì ó tún ti gbé àga rẹ̀ dé. Ìwọ wá ń gbọ́ agogo ketekete lóṣù kejì. Bàbá rẹ sọ ọ́ ní Ehoro torí pé láti kékeré lo ti ń gbọ́ ibùdó tó jìnnà tí àwa àgbà ò gbọ́. Kò sọ pé o máa ń gbọ́ èyí tí kò sí.

Lẹ́yìn náà, ta ló ń gbé ẹni tó mọ wáyálẹ̀sì lọ máa pín bàtà, tó tún pè é ní ìgbéga? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún Télọ̀. Ó fi eyín já òwú, ó ní, "Ìyá Onírédíò, ọkùnrin tí kò bá fẹ́ wálé, ẹ wádìí ẹni tó ń se oúnjẹ fún un." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Bí obìnrin ni, sọ. Bí o bá ti ta rédíò tí a jọ kàn, sọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìsọ̀ yìí kò ní sá lọ lóòótọ́, èmi ni mo lè lọ. Ojú mi ti ń di ti àgbà, wáyà tín-ín-rín kan ti ń di méjì mọ́ mi lójú. Ọmọ àbúrò Télọ̀ ti ń yọjú wò bóyá n óò gbé ìsọ̀ náà fún òun. Mo sọ fún un pé mo ní ọmọ. Ṣé mo ṣì ní?

Fọ́tò tí o béèrè wà nínú àpò ìwé yìí.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì ya dìndìnrìn.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìbínú. Kò sí obìnrin kankan. N kò ta rédíò, orí àpótí mi ló wà, mo ń wò ó bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ní ti agogo, ọ̀rọ̀ náà kò le: àwọn ibùdó ńlá máa ń ní ẹ̀rọ ìfọ́nká púpọ̀. Ó lè jẹ́ pé èyí tó kọjú sí ọ̀dọ̀ wa níbí ṣì ń lo agogo àtijọ́, kí èyí tó kọjú sí yín máa lo fèrè. Ẹ̀yin náà mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Èmi náà wá ní ìbéèrè tèmi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú lu fọ́tò yín. Mo rí irin tí ẹ fi ń jó wáyà, mo rí àwo tí ẹ ń kó gílóòbù sí, mo rí kálẹ́ńdà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹ kò fẹ́ yọ. N kò rí rédíò bàbá mi. Ibi tó ń jókòó sí lórí pẹpẹ, òfìfo ni. Rédíò onígílóòbù tó gbé ti òkè òkun dé nígbà tó parí iṣẹ́ ogun tirẹ̀, tí ojú aláwọ̀ ewé wà níwájú rẹ̀, tó ń là tó ń pàdé bí a bá ti ń wá ibùdó. Kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ̀ pé bí ojú yẹn bá pàdé, a ti bá ohùn ènìyàn nìyẹn. Ẹ ní kò sí ẹni tó lè rà á. Ta ló wá rà á?

Ẹ dákun, ta tún ni ọkùnrin tó jókòó sórí àga bàbá mi, tó fi tépù ìwọnṣọ kọ́rùn, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò bí ẹni tó ni ilé? Ẹ kò sọ fún mi pé Télọ̀ ti kó kúrò ní ìsọ̀ kejì.

Ìròyìn etí: Aláago, Ọjọ́bọ̀, márùn-ún nínú márùn-ún. Ariwo: kò sí. Agogo náà ni.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Ọmọ tí mo fi inú mi bí,

O ti wá di ẹni tó ń fi ìbéèrè dá ìbéèrè lóhùn. Bàbá rẹ náà nírú ẹ̀, ó máa ń fi ṣe ọgbọ́n bí ó bá ti jẹ̀bi.

Rédíò bàbá rẹ wà lórí tábìlì iṣẹ́, lẹ́yìn ẹni tó ya fọ́tò. Ojú rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Gílóòbù ojú aláwọ̀ ewé náà ti ń ṣú, mo sì ti ń wá òmíràn láti ọdún tó kọjá, wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Télọ̀ jókòó sórí àga torí pé àga ni. Ìyàwó rẹ̀ kú, ọkọ tèmi kú, a sì jọ ń gbọ́ ìròyìn. Bí ó bá di ohun mìíràn, n óò kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ. N kò ní jẹ́ kí fọ́tò sọ ọ́ fún ọ.

Ó yá, ká padà sídìí ọ̀rọ̀ tìrẹ. Ariwo kò sí, ariwo kò sí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ onírédíò, n kò tíì rí ṣọ́ọ̀tì-wéfù, èyí tó ń gbé ohùn ọ̀nà jíjìn, tí kì í hó. Ṣé o rántí bí bàbá rẹ ṣe ń sọ ọ́? Nígbà tí wọ́n wà ní àgọ́ lókè òkun, tí wọn ò gbà kí ọmọ ogun ní rédíò, tó fi pàǹtí kan rédíò tirẹ̀ tí kò lo bátìrì, ohùn tó ń gbọ́ kò ju ti kòkòrò lọ, gbogbo ìyókù, ariwo ni. Ó ní bí òun bá gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo jálẹ̀, omi á bọ́ lójú òun. Ìwọ náà, nínú ìwé tí o kọ́kọ́ kọ láti ibẹ̀, o ní, "Méjì nínú márùn-ún, ó ń lọ ó ń bọ̀, jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá ń bà á jẹ́." Mo gba ìyẹn gbọ́. Rédíò tí kì í hó, àfi èyí tí wọn ò tàn.

Ṣùgbọ́n ká fi ìjà sílẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ wà. Àwa ará ìsọ̀ kọ̀wé sí Aláago lórí ọ̀rọ̀ fèrè yẹn, wọ́n sì dáhùn pé àwọn yóò kà á fún gbogbo ayé gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún. Fetí sí i dáadáa, kí o sọ fún mi bí wọ́n ṣe pe orúkọ wa.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú oríire! Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin kan ló kà á, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì pe orúkọ ìsọ̀ wa láìṣì í. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó dé ibi tí ẹ ti bú fèrè wọn. Mo pe àwọn tí a jọ wà ní yàrá, mo ní, "Ẹ wá gbọ́ ìyá mi!" Inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ. Ariwo tí ẹ ń béèrè náà sì wà níbẹ̀: mẹ́rin nínú márùn-ún, ó ń hó díẹ̀díẹ̀.

Awakọ̀ tí páànù ń jò lé lórí ti gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ yín ni yóò gbà kọjá. Mo fi ọṣẹ, bàtà ilé àti aṣọ òtútù rán an sí yín. Ó mọ̀ mí dáadáa. Ohunkóhun tó bá sọ nípa mi, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má sì da ìbéèrè bò ó, onítìjú ènìyàn ni.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí ọdún méjì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ọmọ àbúrò Télọ̀ bá mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa bá yín ṣe é ná.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Sí ẹni tó ń kọ̀wé sí mi,

N kò kí ọ, torí n kò mọ ẹni tí mò ń kí.

A kò kọ̀wé kankan sí Aláago. Obìnrin kankan kò kà á, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín. Pańpẹ́ ni mo dẹ, o sì sáré wọ inú rẹ̀ tìlù tìfọn. O tilẹ̀ fi ariwo díẹ̀ sí i fún mi, bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Awakọ̀ náà dé. Mo fún un ní àga, mo fún un ní tíì, mo béèrè ọmọ mi. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó wá kígbe mọ́ mi bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò: "Ó WÀ DÁADÁA, MÀMÁ!" Ọ̀rọ̀ tí kò ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń gé e sí wẹ́wẹ́, ó ń la ẹnu rẹ̀ gbàgà sí mi lójú. Èmi tí mò ń fi etí mọ bátìrì tó fẹ́ kú! Mo ní, "Ọmọ mi, n kò tíì darúgbó tó bẹ́ẹ̀ yẹn." Ojú tì í. Ó ní kí n máà bínú, ó ti mọ́ òun lára. Mo bi í pé kí ló mọ́ ọ lára. Ó wolẹ̀, ó da tíì gbígbóná sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun. Ẹni tó bá mu tíì gbígbóná báyẹn, ó ń sá fún nǹkan ni.

Ẹ̀rù ń bà mí báyìí, n kò ní parọ́. Mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti fi ikú ọmọ pa mọ́ fún ìyá, tí ọ̀rẹ́ ń bá òkú kọ̀wé. Ọwọ́ ìkọ̀wé yìí jọ ti ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò parọ́ rédíò fún mi rí. Ó lè parọ́ nípa ibi tó rìn dé, ó lè parọ́ nípa ẹni tó fọ́ abọ́. Kì í parọ́ rédíò.

Bí o bá jẹ́ òun, dá mi lóhùn: kí ni bàbá rẹ fi ṣe ọkàn rédíò tí kò lo bátìrì nínú àgọ́ yẹn? Ọ̀dọ̀ ta ló ti rí i? Kí ló sì fi tu ẹni náà lójú? Ènìyàn mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n nílé wa, ọ̀kan ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Bí o kò bá lè dáhùn, sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún mi.

Ìyá rẹ̀.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Ìyá mi,

Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún.

Abẹ ìfárí ni. Abẹ àlòkù tí wọ́n ti fi fárí àwọn ọmọ ogun títí ó fi kú, tí bàbá mi fi iná sun títí ó fi di aláwọ̀ aró. Ó gbé ṣóńṣó pẹ́ńsùlù lé e lórí, ó wé wáyà mọ́ páálí róbótó, ó sì fi ìfetígbọ́ ògbólógbòó kan sí i. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ àgọ́ ló ti jí abẹ náà. Nígbà tí onígbàjámọ̀ ká a mọ́, etí kan ló fi bẹ̀ ẹ́: wọ́n pín ìfetígbọ́ náà sí méjì, onígbàjámọ̀ ń fi tọ̀tún gbọ́, bàbá mi ń fi tòsì gbọ́, wọ́n á fẹ̀yìn ti ara wọn bí ẹni tó ń sùn. Ó ní ìdí nìyẹn tí orí òun fi ń dán ju ti ọ̀gágun lọ títí iṣẹ́ fi parí. Ẹ̀yin á ní, "Irọ́ ni," òun á sì tẹ orí rẹ̀ síwájú kí ẹ fọwọ́ kàn án.

Ẹ rí i pé èmi ni. Mo parọ́ lórí ìwé tí ẹ ní ẹ kọ. Mo fẹ́ kí inú yín dùn ni. Ẹ má bi mí ní nǹkan mọ́. Rédíò ti sú mi. Eré ọmọdé ni, mo ti dàgbà. Ẹ fún ọmọ àbúrò Télọ̀ ní ìsọ̀, kó má di pé ẹ̀ ń dúró de ẹni tí kò bọ̀. N kò ní wálé lóṣù kẹsàn-án.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ, mo fẹnu kàn án, torí pé o wà láàyè. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo ń rántí awakọ̀ yẹn. Ó fọwọ́ tọ́ mi kó tó sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu sí mi lójú kí n lè máa wò ó. Ó ní ó ti mọ́ òun lára. Ta ló wà ní yàrá yín tí ó ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn lójoojúmọ́?

N kò dẹ pańpẹ́ mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé etí rẹ ṣì ń gbọ́?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ

Ìyá mi,

Rárá.

Tọ̀tún ti lọ pátápátá. Tòsì, ó dà bí ìgbà tí orí ènìyàn wà nínú omi tí wọ́n ń pè é láti òkè. Dókítà àgọ́ tanná sí i, ó mi orí, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Awakọ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní ìparí ọdún tó kọjá, ní àkókò Aláago. Mo ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá sì gbà mí láyè kí n fi ẹ̀rọ ńlá àgọ́ gbọ́ ọ, kí ìròyìn mi sí yín lè kún. Òjò ṣú. Mo rí i pé ó ṣú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí òjò bá ti ṣú, wáyà ìta ni kí n kọ́kọ́ yọ, kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Mo ní kí agogo lù tán ná. Ó lù lẹ́ẹ̀kan. Ohùn náà jìnnà, mo fọwọ́ tẹ ìfetígbọ́ mọ́ etí méjèèjì, mo sì yí i sókè. Àrá gba orí wáyà wọlé. N kò gbọ́ agogo kejì.

Agogo yẹn ni ohun tó mọ́ tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi í ránṣẹ́ sí yín nígbà gbogbo. N kò mọ̀ pé wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ta ni ìbá sọ fún mi?

Báwo ni n ó ṣe kọ ọ́ sí yín, pé ìgbà tí mò ń gbọ́ rédíò tìtorí yín ni? Àwọn àgbà ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí tèmi ni kò gbọ́, inú tiyín ni mo fẹ́ kó má bàjẹ́. Ẹ̀rù ara mi sì tún ń bà mí. Kí ni adití ń wá nísọ̀ rédíò? Oníbàárà á gbé rédíò tó ń hó wá, n óò máa bi í pé kí ló ń ṣe é. Wọn á pè mí ní Ehoro, wọn á máa fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, n kò sì ní gbọ́. Níbí, bàtà ni mò ń pín. Bàtà kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ forí jì mí. Ẹ má sì pè mí ní Ehoro mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Ehoro,

N óò máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ló sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe àrá.

Mo sunkún. Mo sọ ọ́ kí o má baà rò pé òkúta ni mí. Mo bínú sí Aláago, mo bínú sí Ọjọ́bọ̀, mo sì bínú sí ara mi tó máa ń kọ̀wé sí ọ pé ìròyìn rẹ kò kún tó. Mo fi ọ̀ràn obìnrin kàn ọ́, mo fi ọ̀ràn rédíò títà kàn ọ́, mo tilẹ̀ sin ọ́ láàyè. Forí jì mí. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mò ń gbọ́ àìsàn inú rédíò láti ẹnu ọ̀nà, ọmọ mi ń ṣàìsàn nínú ìwé, mò ń fẹ̀sùn kàn án.

Nígbà tí ẹkún tán, mo gba òwú lọ́wọ́ Télọ̀, mo fi di etí mi méjèèjì, mo sì fi gèlè dì í mọ́lẹ̀. Mo ní kí ó gbé rédíò rẹ̀ tó ti kú wá, kí ó lọ jókòó síta, kó má sì bá mi sọ nǹkan kan. Tísà àgbà ti rí gílóòbù ojú aláwọ̀ ewé fún mi nínú àpótí rẹ̀ àtijọ́, rédíò bàbá rẹ ti ríran. Mo so méjèèjì pọ̀. Mo fi ẹ̀rọ ìdánwò wa fún rédíò Télọ̀ ní ìró, mo wá ń tọ ìró náà káàkiri inú rẹ̀. Níbi tó bá ti ń kọjá, ojú bàbá rẹ á pàdé. Níbi tí kò bá dé, ojú á là sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ibi tí ojú ti là ni mo ti bá àìsàn náà.

N kò ní tàn ọ́, ó pẹ́ ju bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo ṣì í, mo tún un ṣì, mo jó ara mi níka, mo bú bàbá rẹ nínú sàréè. Nígbà tí mo tò ó tán, mo gbé ọwọ́ lé sípíkà. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà, mo rí Télọ̀ tó ti dìde, tó ń jó. Òwú ṣì wà létí mi, ọmọ mi. Mo ti mọ̀ kí n tó yọ ọ́.

Ojú ń dùn mí, etí ń dùn ọ́. Oníbàárà á bá mi sọ̀rọ̀, ìwọ á bá rédíò wọn sọ̀rọ̀. Mo tún ti mú bọ́tìnì tí bàbá rẹ fi ń tẹ wáyálẹ̀sì nígbà kan rí, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ ìdánwò. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kúkúrú, gígùn, ojú aláwọ̀ ewé á ṣẹ́jú bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Kóòdù tí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ ogun, bàbá rẹ ti kọ́ mi kí a tó bí ọ. Ó ń fi ṣíbí lu ife, èmi náà ń fi lù ú padà, òun la fi ń jà níwájú àlejò. N óò fi bú ọ dáadáa bí o bá ń tòògbé nídìí iṣẹ́.

Mo ti dá ọmọ àbúrò Télọ̀ lóhùn. Ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní kí n kí ọ.

N kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o wálé. Nǹkan kan ni mo fẹ́: ìròyìn etí kan tó jẹ́ òtítọ́, lórí Aláago, ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá ṣe rí ni kí o kọ ọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Ìyá mi,

Ìròyìn etí. Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, rédíò kékeré tí a jọ kàn. Ibùdó: Aláago, awakọ̀ ló bá mi wá a, òun ló ní òun ni. Agbára: n kò mọ̀. Ariwo: n kò mọ̀. Mo gbé ọwọ́ lé sípíkà. Nǹkan kan gbọ̀n níbẹ̀ bí eṣinṣin tí wọ́n há mọ́ inú páálí ìṣáná, ó dúró, ó tún gbọ̀n. Awakọ̀ fi ìka kọ ọ́ sí mi lápá pé fèrè ni. Ohun tí mo gbọ́: kò sí.

Òótọ́ lẹ sọ nípa fèrè yẹn. Kò dára, àní lábẹ́ ọwọ́ pàápàá.

Mo ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí fún ọ̀gá, n kò fọwọ́ sí ọdún méjì náà. Ọkọ̀ wa yóò gbéra lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún Télọ̀ kó dìde lórí àga bàbá mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wá òmíràn fún un, kó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, ẹ má pè mí. N kò ní gbọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì.

Èmi ni,
Ehoro.